Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Bá Wa Dán Eré Ọkọ̀ Òkúta Wò

Ojú ìwé yìí wà fún àwọn ẹgbẹ́ tó ti gba ìwé òfin eré Ọkọ̀ Òkúta lọ dán wò ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà, ní Ọmù-Àrán àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ọ̀dọ̀ àwọn eléré ni ìbéèrè wọ̀nyí ti wá. Níbi tí ìdáhùn bá ti yí òfin padà, mo sọ bẹ́ẹ̀ gbangba, kí ẹ lè fi bírò tún ìwé ọwọ́ yín ṣe.

Irú eré wo ni Ọkọ̀ Òkúta gan-an?

Eré ìjókòó ni, ẹnu la sì fi ń ṣe é. Ẹni mẹ́ta sí márùn-ún á jókòó yí tábìlì tàbí ẹní ká. Ẹnì kan nínú wọn ni olùdarí: òun ló ń sọ bí ibẹ̀ ṣe rí àti ohun tí ọ̀tá ń ṣe. Àwọn tó kù, oníkálukú wọn ló mú ẹ̀dá kan: atukọ̀, ọlọ́fọ̀, mẹkáníìkì, olóògùn tàbí jagunjagun. Eléré á sọ ohun tí ẹ̀dá rẹ̀ fẹ́ ṣe. Bí ohun náà bá le, á ju dáìsì lúdò méjì, á ro wọ́n pọ̀, á fi ìmọ̀ ẹ̀dá náà kún un, láti 0 dé 3. Bí àròpọ̀ rẹ̀ bá tó nọ́ńbà tí ìwé fi sí ohun náà, ó ti ṣe é. Kò sí pátákó bíi ti lúdò, kò sì sí pé ẹnì kan na ẹnì kejì láyò. Ìtàn kan ṣoṣo ni gbogbo yín jọ ń pa.

Ayé inú eré náà ní ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀, ó sì ní ọfọ̀. Òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ ọkọ̀ náà. Mẹkáníìkì ló ń tún ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì kò ní ta títí ọlọ́fọ̀ á fi pe orúkọ òkúta. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè dá nìkan rin ìrìn àjò nínú eré yìí.

Irú eré báyìí ti pẹ́ láyé. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ ọ̀kan jáde fún títà, Dungeons & Dragons, lọ́dún 1974. Gary Gygax, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ṣe é, dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀ nílé kó tó gbé e síta.

Kí lẹ fẹ́ ká dán wò? Ṣé bóyá ó dùn ni?

A ó bi yín bóyá ó dùn. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń wá jù ni bóyá ìwé náà lè dá dúró. Bí mo bá jókòó tì yín, òfin tó ṣókùnkùn á mọ́lẹ̀ fún yín, nítorí pé ẹnu mi á ti sọ ohun tí ìwé kò sọ. Èmi kò sì ní bá ìwé náà dé ilé gbogbo ẹni tó bá rà á. Ẹni tó bá ṣí i ní Pàtìgì tàbí ní Òró lálẹ́ Sátidé, ohun tó wà lórí ìwé nìkan ló ní.

Nítorí náà ni a ṣe ń fún yín ní ìwé lásán, tí a kì í fi àlàyé kankan tẹ̀lé e, tí a kì í sì í dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́ nígbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́. Ó bí àwọn kan nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á. Iyàn tí ẹ jà fúnra yín lórí gbólóhùn kan, tí ẹ kò rí ẹni bi, iyàn yẹn gan-an la fẹ́ gbọ́.

Bí òfin kan kò bá yé wa láàárín eré, kí ni ká ṣe?

Olùdarí á pinnu lójú ẹsẹ̀, eré á máa lọ. Kí ẹnì kan sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀: ojú ìwé tí òfin náà wà, ohun tí apá kan rò pé ó sọ, ohun tí apá kejì rò, àti èyí tí olùdarí mú. Ìtumọ̀ méjèèjì la fẹ́, kì í ṣe èyí tó borí nìkan. Bí ẹ bá kọ "a kò mọ ohun tó túmọ̀ sí", a ó dúpẹ́. Bí ẹ bá kọ "Ẹni àkọ́kọ́ kà á báyìí, ẹnì kejì kà á bọ̀un", a ó mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ ká yọ.

Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí eré bá parí kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Inú ẹni ti máa ń dùn nígbà yẹn, èèyàn á sì ti gbàgbé ohun tó kọ́kọ́ dí i lọ́nà.

Olùdarí wa kéré sí wa lọ́jọ́ orí. Ṣé òun náà ló máa pàṣẹ fún wa?

Ọmù-Àrán ni ìbéèrè yìí ti wá, láti ilé tí bàbá àti àwọn ọmọ ti jọ ń ṣeré. Inú mi dùn púpọ̀ pé wọ́n bi í, nítorí pé kò sí ìwé òfin ilẹ̀ òkèèrè kankan tí mo kà tó ronú kàn án. Ìwé wọn kàn sọ pé ọ̀rọ̀ olùdarí labẹ gé. Níbí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò lè wo ojú bàbá rẹ̀ kó ní "irọ́ ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀", eré yìí kò sì ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà nínú ẹ̀dà tuntun nìyí. Bí àgbà àti olùdarí bá ṣe iyàn, olùdarí á ka òfin náà sókè láti inú ìwé, bó ṣe wà, láìfi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Lẹ́yìn náà á ní: "Bí ìwé ṣe wí rèé, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ, mo ti kọ ti yín sílẹ̀." Á sì kọ ọ́ lóòótọ́, níṣojú wọn. Ọ̀rọ̀ àgbà kò ṣubú sílẹ̀, eré kò sì dúró.

Ti inú ìtàn tún yàtọ̀. Níbẹ̀, ọmọ lè jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ kí bàbá jẹ́ mẹkáníìkì. A rọ̀ yín kí ẹ máa fi orúkọ ẹ̀dá pe ara yín. "Akin, tan ẹ́ńjìnì" kò lè jẹ́ ìwọ̀sí fún bàbá ẹni bí gbogbo ilé bá mọ̀ pé Akin ni ẹ̀dá tó mú lọ́wọ́.

Ìwé sọ pé "Ẹ lè lo ọfọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní yípo kọ̀ọ̀kan." Ta ni "ẹ" yẹn?

Kò sí gbólóhùn tó dá iyàn sílẹ̀ tó o. Àwọn kan kà á pé gbogbo ẹgbẹ́ ló ní ọfọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn kà á pé ńṣe ni ìwé ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń kà á, pé eléré kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Méjèèjì ló tọ́ nínú èdè wa, nítorí náà gbólóhùn yẹn kò yẹ ní òfin.

Ìdáhùn: eléré kọ̀ọ̀kan ló ní ọfọ̀ kan ní yípo kọ̀ọ̀kan. Yípo kan ni kí ọ̀rọ̀ kárí gbogbo eléré lẹ́ẹ̀kan. Láti ìsinsìnyí lọ, a kò ní kọ "ẹ" sínú orí òfin mọ́. "Eléré kọ̀ọ̀kan" tàbí "gbogbo ẹgbẹ́ lápapọ̀" la ó máa kọ, kódà bí ó bá gùn lẹ́nu. Bí ẹ bá rí "ẹ" kan tó ṣẹ́kù níbikíbi láti ojú ìwé òfin àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ẹ fa ilà sí i lábẹ́ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wa.

Ta ló kọ́kọ́ ń ṣe nínú ìjà?

Ẹni tó jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún olùdarí. Ní yípo tó kàn, ẹni tó tẹ̀ lé e. A kò ju dáìsì fún un.

Alfa wa ní dáìsì kò dára. Ṣé a kò lè ṣeré yìí ni?

Ẹ lè ṣe é. Ní Ìlọrin, ìbéèrè yìí kọjá eré, mo sì mú un ní pàtàkì. Hadith kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, wà nínú ìwé Sahih Muslim tó kìlọ̀ gidigidi nípa nardashir, eré onídáìsì kan, àwọn alfa púpọ̀ sì fi í ka gbogbo dáìsì léèwọ̀, yálà owó wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Kì í ṣe iṣẹ́ mi láti bá alfa ẹnikẹ́ni jiyàn. Iṣẹ́ mi ni kí n rí i pé ẹni tó gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ rí ọ̀nà mìíràn tó péye.

Ẹ gé páálí sí wẹ́wẹ́, 36. Ẹ kọ 2 sára ọ̀kan, 3 sára méjì, 4 sára mẹ́ta, 5 sára mẹ́rin, 6 sára márùn-ún, 7 sára mẹ́fà. Láti ibẹ̀ ó ń dín kù: 8 sára márùn-ún, 9 sára mẹ́rin, 10 sára mẹ́ta, 11 sára méjì, 12 sára ẹyọ kan. Ẹ dà wọ́n sínú fìlà, ẹ pò ó, kí eléré mú ọ̀kan láìwò. Ọ̀nà 36 ni dáìsì méjì lè gbà balẹ̀, bí nọ́ńbà wọ̀nyẹn sì ṣe ń jáde nínú dáìsì gan-an ni wọ́n pọ̀ tó nínú fìlà. Kò sí ẹni tí ọ̀nà yìí fún láǹfààní, kò sì sí ẹni tó rẹ́ jẹ. Ẹ fi ọ̀nà náà han alfa yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Lẹ́yìn tí a bá mú páálí, ṣé a ó dá a padà sínú fìlà?

Bẹ́ẹ̀ ni, lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún un pò. Ìwé kò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ kan ní Òkè-Lele sì ń tò wọ́n sílẹ̀ títí fìlà fi ṣófo. Wọ́n gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: ní kété tí 12 bá ti jáde, kò sí 12 mọ́ fún ẹnikẹ́ni, àwọn tó mọ̀ọ́kà nínú wọn sì ń ṣírò ohun tó ṣẹ́kù kí wọ́n tó pinnu bóyá wọ́n á fò láti orí òrùlé. Eré mìíràn nìyẹn. Ó lè jẹ́ eré tó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí.

Ọfọ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣé kò ní kọlu ìgbàgbọ́ wa?

Kò sí ọfọ̀ tòótọ́ kan nínú ìwé náà, ẹnikẹ́ni kì í sì í ké ọ̀rọ̀ kankan sókè. Ohun tí eléré máa ń sọ ni "Ọlọ́fọ̀ mi pe orúkọ òkúta", ó tán. Kò sí orúkọ òrìṣà níbẹ̀, kò sí ẹbọ, kò sí ẹ̀jẹ́. Àwọn Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì tó ti bá wa dán an wò sọ èrò wọn nípa rẹ̀ láìfi bò, ọ̀rọ̀ méjì sì ti kúrò nínú orí kẹta nítorí ohun tí wọ́n sọ. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi nǹkan pamọ́ fún wa. Bí ojú ìwé kan bá mú ọkàn yín wúwo, ó tó ohun tá a lè jọ sọ.

Kí ló dé tí nọ́ńbà fi yí padà láti 7, 9, 11 sí 6, 8, 10?

Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, ohun tó rọrùn fẹ́ 7, ohun tó le díẹ̀ fẹ́ 9, ohun tó le gan-an fẹ́ 11. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nínú ọ̀nà 36 tí dáìsì méjì lè gbà balẹ̀, 10 péré ló tó 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò ní ìmọ̀ kankan lórí ohun tó fẹ́ ṣe á kùnà ju ìlọ́po méjì iye ìgbà tó máa ṣe é lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tó le díẹ̀ lásán ni a pè é. Ti 11 tún burú: ọ̀nà 3 nínú 36.

Kì í ṣe ìṣirò ló fi hàn wá. Ìwà àwọn eléré ni. Nínú àkọsílẹ̀ tó ń dé, ẹ̀dá wọn ti di ojo. Mẹkáníìkì kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì tí kò mọ̀. Jagunjagun ń bẹ̀bẹ̀. Olùdarí ń ní kí wọ́n gbìyànjú, wọ́n ń ní "ẹ jẹ́ ká padà sílé". Kò sí ẹnì kankan tó kọ ọ́ pé nọ́ńbà ga jù. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ìtàn náà kò lọ síbì kankan.

Nísinsìnyí, ohun tó le díẹ̀ fẹ́ 8, ọ̀nà 15 nínú 36 fún ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0. Ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1 ní ọ̀nà 21, èyí tó ju ìdajì lọ. Ohun tó le gan-an fẹ́ 10: ọ̀nà 6 fún aláìmọ̀kan, 21 fún ọ̀gá tí ìmọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3. Mo fẹ́ kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọṣẹ́ àti ọ̀gá máa hàn lórí tábìlì, ó sì ń hàn báyìí.

Èémí ẹ̀dá, ìyẹn agbára tó fi ń pe ọfọ̀, jẹ́ 6. Bí ọfọ̀ bá kùnà, ṣé èémí tí a fi pè é á padà?

Kò ní padà. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ti sọ̀rọ̀. Ọfọ̀ kékeré ń gba èémí 1, èyí tó tóbi díẹ̀ 2, ńlá 3, yálà ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Oúnjẹ gbígbóná máa ń dá 2 padà; oorun alẹ́ kan á dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ṣé èémí tí a fi ń pe ọfọ̀ àti afẹ́fẹ́ inú aṣọ sánmà jẹ́ ohun kan náà?

Ìdáhùn yìí, ẹ̀yin eléré lẹ ṣe é. Ohun méjì ni wọ́n lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n ìwé pe méjèèjì ní èémí, àwọn ọmọ iléèwé gíga kan ní Tanke sì kà á bó ṣe wà: ẹni tó bá jáde kúrò nínú ọkọ̀, inú èémí 6 kan náà ló ti ń mí, inú rẹ̀ náà ló ti ń pe ọfọ̀.

Mo ka àkọsílẹ̀ wọn, mi ò lè gbé e sílẹ̀. Ọlọ́fọ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀, èémí 2 ló kù lára rẹ̀, ọfọ̀ tó máa ta ẹ́ńjìnì sì ń fẹ́ 2. Gbogbo tábìlì dákẹ́. Ẹni tó mú olóògùn ló wá bi olùdarí bóyá òun lè so páìpù aṣọ òun mọ́ ti ọlọ́fọ̀. Kò sí òfin kankan lórí rẹ̀. Olùdarí gbà, olóògùn fún un ní 1, wọ́n sì jọ wọlé pẹ̀lú èémí tó kéré jọjọ.

Òfin ti di báyìí: ohun kan náà ni wọ́n. Níta ọkọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan ń gba èémí 1. Ẹni tí tirẹ̀ bá di 0 á dákú. Ẹ̀dá méjì tí ọwọ́ wọn bá kan ara wọn lè so páìpù pọ̀, kí ọ̀kan fún ìkejì ní iye tó bá fẹ́. Ẹ bá wa dán èyí wò gan-an, pàápàá bóyá ẹnì kan lè máa fi tipátipá gba ti ẹlòmíràn. A ní kò ṣeé ṣe: ẹni tó ni èémí ló ń fún ni. Ẹ wò ó bóyá gbólóhùn ìwé sọ bẹ́ẹ̀ tán pátápátá.

Ohùn kì í rìn níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Báwo wá lọfọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ níta ọkọ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ló bi í, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohùn ń fẹ́ ohun tó máa gbé e: afẹ́fẹ́, omi tàbí ohun líle. Láàárín ìràwọ̀, kò sí afẹ́fẹ́ tó máa gbé e. Àwọn kan á ní idán ni, ẹ jẹ́ kó lọ. Èmi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí eré bá da ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti idán pọ̀, ó yẹ kí ọ̀kan máa fún ìkejì ní wàhálà.

Nítorí náà: níta ọkọ̀, ọfọ̀ kò lè mú ohun tó jìnnà. Ẹ̀dá gbọ́dọ̀ fi àṣíborí rẹ̀ kan ohun tó ń pe, kí ohùn lè ti ara gíláàsì wọ inú òkúta. Ẹ̀dá méjì tí rédíò wọn bá bàjẹ́ lè fi àṣíborí kan ara wọn, wọ́n á sì gbọ́ra. Ẹ kọ òfin yìí sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé tí ọfọ̀ wà.

Ìwé ní "oró ejò á kúrò lára ní ọjọ́ karùn-ún". Ṣé ọjọ́ tó bù ú jẹ wà nínú rẹ̀?

Ó wà nínú rẹ̀, bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà. Ọjà ọrọọrún, òní wà lára iye. Àwọn àgbà tó dán eré náà wò kà á bẹ́ẹ̀ láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọ̀la. Ìyàtọ̀ náà lágbára, nítorí pé oró ń mú èémí 1 lójúmọ́, oorun àti oúnjẹ kì í sì í dá èémí padà nígbà tó bá wà lára. Ẹ̀dá tó ní èémí 5 nígbà tí ejò bù ú jẹ á yè pẹ̀lú 1 nínú ìkà àgbà. Nínú ìkà kejì, á dákú.

Ẹni tí ejò bù jẹ ní Àtìní, Jímọ̀ ló bọ́, oró kò sì ní mú nǹkan kan lọ́jọ́ Jímọ̀ náà. A ti fi àpẹẹrẹ yìí gẹ́lẹ́ sínú ìwé, pẹ̀lú orúkọ ọjọ́.

Òfin ìjàkadì kò tẹ́ wa lọ́rùn rárá.

Ọ̀fà ni èyí ti wá, mo sì ń retí rẹ̀! Ìlú tí wọ́n ń kì ní "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà" kò ní gba kí á fi ẹsẹ̀ òfin mẹ́rin tó lọ́jú pọ̀ da ìjàkadì rú. Nínú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín, ẹni méjì á máa dì mọ́ ara wọn títí agbára ọ̀kan á fi tán, ó sì lè gba gbogbo alẹ́. Ẹgbẹ́ náà kọ ọ́ fún wa pé ìjàkadì kì í ṣe ìjà: ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kanlẹ̀ ti ṣubú, ó parí.

A gbà. Àwọn méjèèjì á ju dáìsì pọ̀, wọ́n á fi ìmọ̀ kún un. Ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù ti di ẹnì kejì mú. Bí ẹni kan náà bá tún pọ̀ jù ní yípo tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn ẹnì kejì ti kanlẹ̀, ìjàkadì ti parí, kò sì sí ẹni tó fara pa. Bó bá jẹ́ pé ti ẹni tí wọ́n dì mú ló pọ̀ jù, ó ti já ara rẹ̀ gbà. Ọ̀mì kò yí nǹkan kan padà.

Wọ́n tún bèèrè méjì sí i. Ṣé ẹni tí wọ́n dì mú lè pe ọfọ̀? Ó lè pè é, ṣùgbọ́n èémí 1 á lé lórí iye rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí ohun gbogbo ti ń léfòó, níbo ni ilẹ̀ wà? Ògiri èyíkéyìí tí ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ kàn ni ilẹ̀.

Àwọn ère tó ń jókòó nínú ọkọ̀, ṣé ère Ẹ̀sìẹ́ ni?

Wọ́n jọ ọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni èrò náà ti wá. Ní Ẹ̀sìẹ́, nílẹ̀ Ìgbómìnà, ère òkúta rírọ̀ tó lé ní 1000 ló wà, ọkùnrin àti obìnrin, púpọ̀ nínú wọn jókòó, àwọn mìíràn mú ohun ìjà dání. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kọ́ fún wọn ní 1945 ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ìtàn àwọn ará ìlú sọ pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Ẹni tó bá ti dúró níwájú wọn á mọ ìdí tí ọkàn mi fi lọ sí ọkọ̀ tó ti ọ̀nà jíjìn wá.

Àmọ́ Ẹ̀sìẹ́ kò sí nínú eré náà, orúkọ ìlú náà kò sì sí nínú ìwé. Ayé mìíràn ni, "Àwọn Ajókòó" la sì ń pe tiwọn. Ọmọ Ẹ̀sìẹ́ kan ló bẹ̀ wá pé kí á má jẹ́ kí eléré fọ́ wọn láti jèrè ohunkóhun. Òfin tuntun: Ajókòó tó bá fọ́ kò ní nǹkan kan nínú, ọkọ̀ tó sì wà nínú rẹ̀ kò ní gbéra mọ́ láéláé.

Ṣé ká sọ bí ẹ ṣe máa tún un ṣe fún yín?

Ẹ lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn máa ń fi ibi tó ń dùn ún hàn án. Kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ewé tí wọ́n máa já. "Ó yẹ kí jagunjagun ní agbára sí i" kò sọ púpọ̀ fún mi. "Ẹni tó mú jagunjagun kò rí nǹkan ṣe fún wákàtí kan, ó ń tẹ fóònù" sọ gbogbo rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé agbára kọ́ ló nílò, bí kò ṣe iṣẹ́ nínú ọkọ̀.

Ẹ má sì rò pé a ó ṣe bí ẹni pé a kò gbọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Paizo ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ni Starfinder tó da ọkọ̀ sánmà pọ̀ mọ́ idán bíi tiwa, fẹ́ ṣe ẹ̀dà kejì eré Pathfinder, wọ́n gbé ìwé ìdánwò síta ní oṣù kẹjọ 2018. Òfin kan tí wọ́n ń pè ní Resonance wà níbẹ̀, tó fi ìwọ̀n sí bí ẹ̀dá ṣe lè lo ohun idán lójúmọ́. Àwọn eléré ṣàròyé lé e lórí. Ìwé gan-an jáde ní 2019, òfin náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí ilé iṣẹ́ tó tóbi tó yẹn bá lè yọ òfin kúrò nítorí ohùn eléré, kí ni yóò dí wa lọ́wọ́?

Wọ́n mú iná lọ láàárín eré. Ṣé ìdánwò náà ti bàjẹ́ nìyẹn?

Rárá. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ kò bá lè rí lẹ́tà ìwé náà kà. A ti mú kí lẹ́tà àtẹ òfin tóbi sí i nítorí èyí.

Ṣé a lè fi Ìgbómìnà tàbí Ìbọ̀lọ́ ṣeré?

Bó bá ti wù yín ni kí ẹ sọ ọ́ lẹ́nu. Ìwé nìkan ni a fi Yorùbá àjùmọ̀lò kọ. Bí ọ̀rọ̀ kan nínú òfin bá ní ìtumọ̀ mìíràn lágbègbè yín, ẹ kọ ọ́ fún wa kíákíá.

Ṣé owó wà níbẹ̀?

Kò sí. Ìwé tí a fi fótókópì ṣe ni ẹ ó gbà, orúkọ ẹni tó bá fẹ́ á sì wà ní ojú ìwé ìkẹyìn nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́.

Ẹgbẹ́ wa ti ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé a tún lè ṣe é?

Orí àkọ́kọ́ dé ìkẹrin, rárá, ẹ ṣeun. Ẹ ti mọ̀ ọ́n jù. Ibi tí ìwé bá ti ṣókùnkùn, ìrántí yín á ràn yín lọ́wọ́, ẹ kò sì ní mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀. Ẹ gbé ìwé náà fún àwọn tí kò rí i rí, aládùúgbò tàbí ọmọ ilé ìwé kan náà, kẹ́ ẹ sì jáde kúrò nínú yàrá. Orí karùn-ún, lórí ìjà ọkọ̀ sí ọkọ̀, ṣì ń fẹ́ ọwọ́ tó ti mọ eré: a ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ní kété tí a bá ti yọ gbogbo "ẹ" inú rẹ̀ kúrò.